Ọwọ́ Mùsílíù Tó Etí Rẹ̀

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa,

Ẹ̀yin ni ẹ kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, kí wọ́n tó pe ìrun, nínú oṣù tí a ń wa iṣu tuntun, ó sì pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́dún yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí kí ó lè dá mi lójú pé òkú ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò lè wo ojú alààyè kí n sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ ìwé. Mùsílíù, àkọ́bí mi, ni ó ń bá mi kọ ọ́. Ó jókòó lẹ́yìn mi lórí àpótí, èmi kọjú sí ibi tí a sin yín sí. Èmi ni mo ní kí a jókòó bẹ́ẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun alásárì tán ni mo ní kí ó mú ìwé àti pẹ́ńsù wá, pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ta ni yóò bá wa fi í jíṣẹ́?” Mo ní kí ó kọ ohun tí mo bá wí, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ níbẹ̀. Ó rò pé ìròyìn ilé lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìròyìn ilé bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́.

Ìyá Mùsílíù ti kú. Ọdún keje rèé. Ó dìde láti lọ gbé omi sórí iná, ó tún jókòó, kò dìde mọ́. N kò sunkún. Àwọn ènìyàn ní ọkàn mi le. Ó le lóòótọ́. Ohun tó bá gbẹ ló máa ń le.

Oko yín ti lọ. Láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ọ̀nà Òkè-Àfà, àwọn ará Èkó ló wà lórí rẹ̀ báyìí, wọ́n kọ́lé, wọ́n fi pánù bò ó. Ẹnikẹ́ni kò jí i gbà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo tà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu ẹ̀bà jẹ. Mo fi gbé ìyàwó tí kò dúró. Mo fi ṣe àwọn nǹkan tí n kò rántí mọ́. Ilé yìí nìkan ni n kò tà, nítorí pé ẹ wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ pé ọmọ onílẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣọ́bìrì ni ọmọ mi fi ń jẹun. Ó ń kó òkúta sábẹ́ irin ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ṣòdì. Ìgbà tí ó lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ó gba ilé ìwé àwọn àgbà lọ, níbi tí àwọn ìyá arúgbó ti ń ka a, b, d. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe? Ṣé o fẹ́ di akọ̀wé òkúta ni?” Ó gbé síléètì rẹ̀, ó lọ.

Ìròyìn tán. Ọ̀rọ̀ kù.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo sá kúrò nílé ìwé? Ẹ mú mi lọ, mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà nà mí nítorí pé mo ń sùn, mo bá gba ojú fèrèsé jáde, mo wá bá yín lóko. Mo ní n kò ní lọ mọ́ láé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bóyá ọba ló bi yín ní ìbéèrè tàbí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ẹ ní, “Ó dára. Mú ọkọ́ tìrẹ.” Ẹ kò bá mi wí. Ì bá dára bí ẹ bá ti bá mi wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kú, ẹ ní kí n gbé Mùsílíù wá sí orí ẹní yín. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ẹ gbé ọwọ́ lé e ní ẹsẹ̀, ẹ ní, “Ibi tí ìwọ kò lè jókòó sí, kí ọmọ yìí jókòó síbẹ̀.” Mo ní mo gbọ́. Ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò sí ọkọ́ lọ́wọ́ yín mọ́, ẹ wá fi ìka kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, tíṣà àwọn onígbàgbọ́ wá bá baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan wá ní ọjọ́ Ajé. Tíṣà ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe wọ̀n wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọdún ọmọ rẹ̀. Ọmọ yóò gbé apá ọ̀tún gba àárín orí kọjá, yóò fi ìka kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá tó etí, ọmọ ti tó lọ sílé ìwé. Bí kò bá tó, kí ó padà wá lọ́dún mìíràn.

Inú Ìyá Mùsílíù dùn bí ẹni pé òun ló ń lọ. Ó ní kí télọ̀ rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò péńpé káàkí, ó tú aṣọ náà wò títí, ó ń fi eyín gé òwú tí télọ̀ gbàgbé sí i lára. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo jí ṣáájú gbogbo wọn. Mùsílíù ṣì ń sùn. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé apá ọ̀tún rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ìka rẹ̀ dé etí. Ó kọjá etí, ó dé ọrùn. Kò jí. Mo dá apá rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo jáde. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí.

Mo fa ọmọ lọ́wọ́, a jáde. Ní iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó, wọ́n ń rin eyín wọn. Ọ̀kan ní, “Ṣé ọmọ onílẹ̀ náà ń lọ kọ́ iṣẹ́ tálákà?” Òmíràn ní wọn yóò sọ ọ́ ní Sáímọ́ọ̀nù kí ó tó di ọ̀sán. Ẹ̀kẹta, tí ẹnu rẹ̀ mú jù, ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dé, yóò máa fi òyìnbó bú bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ yóò ní ó ń kí òun.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn láti ìgbà náà pé nítorí ẹ̀sìn ni, tàbí nítorí iṣẹ́ oko. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta yẹn ló wọ̀ mí lára. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi yóò mọ̀ jù mí lọ, yóò sì mọ̀ pé òun mọ̀ jù mí lọ. Ẹrù yìí ni mo rù dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ahéré Fáṣínà.

Ẹ rántí Fáṣínà, ará Ẹ̀gbá tí ẹ fún ní ilẹ̀ dá oko, tí ó máa ń gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá fún yín lọ́dọọdún, tí kò jẹ́ jókòó àyàfi bí ẹ bá sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ọmọ kan, Ìdòwú, ẹgbẹ́ Mùsílíù. Mo dúró níbẹ̀. Mo sọ fún Mùsílíù pé, “Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́ wò kí tíṣà tó wọ̀n ọ́.” Ó gbé apá rẹ̀ sókè kíá. Bí ìka rẹ̀ ti ń bọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi ti orí rẹ̀ sí apá òsì, bí ẹni ń tún un ṣe. Etí sá fún ìka. Mo ní, “Ó ṣe o. Kò tó.”

Ó gbà mí gbọ́. Ta ni ìbá tún gbà gbọ́?

Mo bọ́ káàkí náà lára rẹ̀. Mo pe Fáṣínà, mo ní Ìdòwú ni yóò dúró fún agbo ilé mi nílé ìwé. Bàbá mi, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì. Ó rò pé mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá onílẹ̀, bí iṣu ọdún yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, n ó fi kún un. Ọmọ kan yìí ló ń bá mi kọ ebè.” Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo fi agídí mú un. Ilé ìwé ni mo ń fi ọmọ ọlọ́mọ sí, ṣùgbọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ́ níyà ni mo ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rí lójú wọn.

Nígbà tí mo gbé Mùsílíù délé ní ìhòòhò, ìyá rẹ̀ bi mí pé aṣọ rẹ̀ ńkọ́. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ti Ìdòwú ló tó, mo wá fi aṣọ náà ta á lọ́rẹ. Ó wò mí. Ó wo ọmọ. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, kò pè mí ní Bàbá Mùsílíù mọ́. “Ẹ̀yin” ni ó ń pè mí. “Ẹ̀yin, oúnjẹ yín rèé.” Àlejò kò mọ ìyàtọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Mùsílíù kò ṣíwọ́. Lójoojúmọ́ tí a bá ń lọ sóko, yóò gbé apá gba orí. “Bàbá, ẹ wò ó.” Mo ní kò tíì tó. Lọ́jọ́ kan ó sáré wá bá mi ní àárín ebè, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, “Ìdòwú ní ó ti tó! Ó ní ó ti kọjá!” Mo ní Ìdòwú kì í ṣe tíṣà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan. Nígbà tó yá, kò gbé ọwọ́ sókè mọ́, mo sì dúpẹ́ pé mo sinmi.

Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀, Bàbá mi. Títí di òní, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó rẹ̀ ẹ́, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, yóò máa họ etí òsì. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Èmi ń rí i. Mo máa ń wọlé.

Pẹ́ńsù ti dákẹ́ lẹ́yìn mi. Ó ti dákẹ́ láti ibi tí mo ti ní mo ti orí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ láti ìgbà náà, n kò mọ̀ bóyá ó kọ ọ́.

Ó bi mí pé, “Bàbá, ẹ ní ó tó?”

Mo ní, “Ó tó.”

Ó ní, “Lọ́jọ́ yẹn gan-an?”

Mo ní, “Ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ò ń sùn. Kọ ọ́.”

Ewúrẹ́ kan wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tí ó lé e. Lẹ́yìn náà Mùsílíù ní kí n tún un sọ láti ibi ahéré Fáṣínà, pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbọ́ ọ. Mo tún un sọ, ó sì kọ ọ́. Mo gbọ́ bí ẹnu pẹ́ńsù ṣe kán, mo gbọ́ bí ó ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

Kò tíì tán. Èyí tó kù ló burú jù, nítorí ọgbọ́n ti yẹ kí ó dé orí mi kí n tó ṣe é.

Ìdòwú di wolé-wolé. Ní ọdún tí Ìyá Mùsílíù kú, òun àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ àdúgbò wa, wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, kò sí ẹni tí ó fọ ìkòkò inú yàrá. Onírùngbọ̀n ṣí i, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wá wo tanwíji, ẹ wá wo ijó.” Ó ti yọ ìwé, ó ń bi mí ní orúkọ. Ìdòwú ní, “Pa ìwé rẹ dé.” Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò funfun rẹ̀ sókè, ó gbé ìkòkò náà jáde fúnra rẹ̀, ó dà á nù, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó pọn omi míràn sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè ìyàwó, ó lọ. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Èmi ìbá fẹ́ kí ó kọ orúkọ mi sínú ìwé kí wọ́n mú mi lọ.

Ó ti di ọ̀gá àwọn wolé-wolé báyìí. Ó ní ilé ní Sùúrùlérè, ó ní mọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Mùsílíù wà níbi iṣẹ́, Ìdòwú wá bá mi. Ó ti ṣàlàyé fún mi kí ó tó jókòó. Ràmọ́tù, àkọ́bí Mùsílíù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ka ìwé mẹ́fà tán nílé ìwé ọ̀fẹ́, ó sì ṣe dáadáa ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí agbára tí yóò gbé e dé ilé ìwé gírámà. Ó ti ń bá ìyá rẹ̀ kiri gààrí. Ìdòwú gbọ́ lẹ́nu tíṣà rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí ó bá àwọn ọmọ òun lọ, pé òun ti bá wọn gba àyè sílẹ̀ fún un.

Mo bi í pé kí ló kàn án.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Bàbá, aṣọ tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kìíní, mo mọ ẹni tí wọ́n rán an fún. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà.”

Bí ó bá ti yangàn, ìbá rọrùn fún mi. Kò yangàn. Mo sì sọ fún un pé Mùsílíù kò fẹ́.

Ó ní, “Mùsílíù?”

Mo ní, “Òun náà. Ó ní ọmọ obìnrin ni, kí ó máa ta gààrí rẹ̀.”

Ó ní, “Ó yà mí lẹ́nu, Bàbá.” Ó yọ ìwé pélébé kan, ó kọ nǹkan sí i, ó ní ojúlé òun nìyẹn bí ọkàn Mùsílíù bá yí padà, ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá dé ọ̀dọ̀ òun kí ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Mo gba ìwé náà. N kò sọ fún Mùsílíù pé ẹnikẹ́ni wá. Kò mọ̀, àfi bí ó ti ń kọ ọ́ yìí.

Òní ni Ọjọ́bọ.

Ṣé ẹ rí i, Bàbá mi? Mo tún ti orí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti darúgbó, eyín mi ti kán, n kò ní ilẹ̀, n kò ní ìyàwó, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ yẹn. Kí ni ẹ rí lára mi ní ọjọ́ tí ẹ fa ọmọ náà lé mi lọ́wọ́? Ṣé ẹ ti mọ̀ ni ẹ ṣe ní kí n tún un sọ? Mo ti ń tẹ́tí sí ilẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, bóyá n ó gbọ́ ọkọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbọ́ nǹkan kan.

N kò tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ yín. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà lẹ́yìn mi, n kò sì lè tọrọ lọ́wọ́ òun náà lónìí, nítorí ọmọ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rò. Ìwé pélébé tí Ìdòwú kọ wà lábẹ́ awọ àgùntàn tí mo fi ń kírun, ní apá ibi tí mo ń gbé orí lé. Mo ti forí kanlẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ mẹ́fà. N kò lè kà á. Mùsílíù lè kà á.

Kí ó yọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ kí Ràmọ́tù lọ, kí ó mú un lọ fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ fún Ìdòwú pé èmi ni mo parọ́ mọ́ òun. Bí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun jẹ nínú ilé Ìdòwú, òun ló lọmọ. Bí ó bá gbé ẹbí rẹ̀ kúrò nínú ilé yìí, n kò ní bi í léèrè. N kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kankan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ lé mi lọ́wọ́, mo bà á jẹ́. Àkọ́bí mi ni mo fi í lé lọ́wọ́ báyìí.

Pẹ́ńsù ti dúró; èyí tó kù, ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Mo gbọ́ tí ó dìde. Ó ń ká awọ ìrun mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ó gba ojú fèrèsé jáde, tí ó fẹ́ràn yín, tí kò ṣe bí ẹ ti wí. Bí Mùsílíù bá padà jókòó, àtàǹpàkò mi ni n ó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Bí kò bá padà jókòó, ẹ mọ̀ pé ó ti mú ọ̀nà Sùúrùlérè pọ̀n.